Inú Ìkòkò Dúdú ni Ẹ̀kọ Funfun ti ń Jáde: Àlàyé lórí Yíyan Àwọ̀ fún Ilé Ìdáná Òde Òní



Ìfáàrà

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde lónìí láti sọ̀rọ̀ nípa ọ̀dà ilé ìdáná. Ohun méjì ni ó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni pé kí ọ̀rọ̀ àwọ̀ tó di ọ̀rọ̀ ọ̀dà, ọ̀rọ̀ èdè ni: ohun tí a bá lè pè lórúkọ ni a lè bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí yóò bá wa kun ilé. Èkejì ni pé mo ti ṣe àṣìṣe kan nínú ilé ara mi, àṣìṣe náà sì pa ènìyàn lára.

Nígbà tí mo kọ́ ilé mi parí, èmi nìkan ni mo yan àwọ̀ ilé ìdáná. N kò bi ìyàwó mi léèrè, bẹ́ẹ̀ ni òun ni yóò máa lo ibẹ̀. Mo ti rí àwòrán ilé ìdáná kan nínú ìwé àwọn ará òkè-òkun: funfun ni ògiri, funfun ni àjà, funfun ni kọ́bọ́ọ̀dù, funfun sì ni pẹpẹ tí a ń gbé nǹkan lé. Ó wù mí. Bí mo ti rí i nínú ìwé gan-an ni mo ní kí wọ́n ṣe é. Gbogbo ẹni tí ó wọlé ni ó ń yìn mí pé ilé ìdáná náà mọ́ tónítóní.

Ní ọjọ́ kan ni ìyá mi, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wá kí wa. Ó bu ògì gbígbóná sínú ife funfun, ó sì gbé e lé etí pẹpẹ. Ìdajì ìdí ife náà ni ó wà lórí pẹpẹ, ìdajì kejì wà lórí òfìfo. Bí ìyá ti fi ọwọ́ sílẹ̀ ni ife bọ́, ògì náà sì bó o lẹ́sẹ̀. Nígbà tí a ń da omi tútù sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ohun tí ó bi mí ni pé, “Àkànní, níbo gan-an ni pẹpẹ yín yìí parí sí?”

Ìbéèrè yìí ni mo gbé wá síwájú yín. Ojú ìyá mi kò fọ́. Ó ń rí mi, ó sì ń rí ife tí ó mú lọ́wọ́. Ohun tí kò rí ni ààlà tí ó wà láàrin funfun kan àti funfun kejì. Láti ọjọ́ náà ni ó ti yé mi pé kì í ṣe “Àwọ̀ wo ni ó lẹ́wà?” ni ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ bèèrè bí ó bá fẹ́ kun ilé ìdáná. Ohun tí ó yẹ kí ó bèèrè ni pé, “Ojú ta ni yóò rí kí ni níbẹ̀, nínú ìmọ́lẹ̀ wo?” Ẹwà ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo sì fẹ́ fi hàn pé orúkọ àwọ̀ mẹ́ta tí ó jẹ́ òpómúléró nínú èdè Yorùbá, èyí tí àwọn kan rò pé ó kéré jù, lè tọ́ wa sọ́nà nínú ìbéèrè yìí ju ìwé àpẹẹrẹ ọ̀dà tí ó ní ọgọ́rùn-ún orúkọ lọ.

Ilé Ìdáná tí Èéfín Kùn

Ní ayé àwọn baba wa, kò sí ẹni tí ó ń yan àwọ̀ fún ilé ìdáná. Èéfín ni ó ń kùn ún. Ẹ̀yìnkùlé ni ilé ìdáná sábà máa ń wà. Igi ni a ń kó sí ààrò. Èéfín a gòkè, a yan ẹja àti ẹran tí a gbé lé àjà, a gba ara àgbàdo tí a so rọ̀ sókè, kí ó tó wá ọ̀nà jáde lábẹ́ òrùlé. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ògiri àti igi òrùlé a di dúdú minimini. Ẹnikẹ́ni kò ka èyí sí ẹ̀gbin. Ó tilẹ̀ wúlò, nítorí pé èéfín yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí kòkòrò ráyè jẹ àgbàdo tí a fi pamọ́ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kíyè sí i pé inú òkùnkùn yìí kọ́ ni àwọn ìyá wa ti ń ṣe iṣẹ́ tí ó gba ojú. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣa ẹ̀wà, bí wọ́n bá fẹ́ já ẹ̀fọ́ tàbí kí wọ́n yọ egungun ẹja, ìta ni wọn yóò jókòó sí, lábẹ́ igi tàbí lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ gbé pọ̀. Iná àti ìkòkò nìkan ni ó kù sínú ilé dúdú náà.

Láti inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni a ti rí òwe tí mo fi ṣe orí ọ̀rọ̀ mi. A máa ń pa á láti fi sọ pé ohun rere lè ti ibi tí a kò fojú sí jáde wá. Ìtumọ̀ yìí tọ̀nà. Ṣùgbọ́n kò sí òwe tí kò ní ohun tí ojú kọ́kọ́ rí kí ọkàn tó rí ìtumọ̀. Ohun tí ojú rí nínú òwe yìí ni pé dídúdú ìkòkò ni ó jẹ́ kí fífunfun ẹ̀kọ hàn kedere. Bí a bá da ẹ̀kọ kan náà sínú àwo funfun, ojú yóò wá etí rẹ̀ tì. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe yìí ti mọ ohun tí èmi kò mọ̀ nígbà tí mò ń kun ilé mi.

Ìyípadà dé nígbà tí sítóòfù kẹrosíìnì, gáàsì àti iná mànàmáná dé. Èéfín dín kù, ilé ìdáná sì kúrò ní ẹ̀yìnkùlé, ó wọ inú ilé ńlá. Gbogbo iṣẹ́ tí a ń ṣe níta bá a wọlé: ṣíṣa ẹ̀wà, gígé àlùbọ́sà, fífọ ẹja, gbogbo rẹ̀ di ohun tí à ń ṣe láàrin ògiri mẹ́rin. Nígbà yìí ni ògiri náà ṣẹ̀ṣẹ̀ di ohun tí a lè yan àwọ̀ fún.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú ìyípadà yìí bá. Ní ọdún 1926, ní ìlú Frankfurt ní orílẹ̀-èdè Jámánì, obìnrin kan tí ó jẹ́ ayàwòrán ilé, Margarete Schütte-Lihotzky, ṣe àpẹẹrẹ ilé ìdáná kan fún ilé àwọn òṣìṣẹ́. Ilé ìdáná náà kò tóbi: fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí mítà 1.9 lọ, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí mítà 3.4. A kọ́ irú rẹ̀ tí ó tó nǹkan bí 10,000 sí ìlú náà, òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kà sí ìyá ilé ìdáná òde òní. Àwọ̀ tí ó dà bí aró tí a fi ewé lú ni wọ́n fi kun púpọ̀ nínú wọn, nítorí ìgbàgbọ́ tí ó wà nígbà náà pé eṣinṣin kì í fẹ́ràn láti bà lé irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀. Ì báà jẹ́ pé àwọn eṣinṣin gbọ́ tàbí wọn kò gbọ́, ohun tí ó yẹ kí á mú níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí a ń ṣe nínú ilé náà ni wọ́n wò kí wọ́n tó yan àwọ̀. Wọn kò wo àwòrán inú ìwé.

Funfun, Pupa, Dúdú

Ní ọdún 1704, Isaac Newton, ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìmọ́lẹ̀ jáde. Ó pín àwọ̀ tí ó wà nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí méje. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rò pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni Ọlọ́run ṣe ṣẹ̀dá àwọ̀, àti pé èdè tí kò bá ní orúkọ méje, aláìní ni. Ní ọdún 1969, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Amẹ́ríkà, Brent Berlin àti Paul Kay, gbé ìwé kan jáde lórí orúkọ àwọ̀ nínú oríṣiríṣi èdè ayé. Wọ́n ní bí èdè kan bá ní orúkọ àwọ̀ méjì péré, ti funfun àti ti dúdú ni. Bí ó bá ní mẹ́ta, pupa ni yóò ṣe ìkẹta. Wọ́n wá to àwọn èdè sórí àtẹ̀gùn, èyí tí ó ní orúkọ díẹ̀ ń bẹ nísàlẹ̀, èyí tí ó ní púpọ̀ ń bẹ lókè.

Ẹ̀kọ́ pàtàkì wà nínú iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n n kò gba ti àtẹ̀gùn náà. Nínú èdè Yorùbá, òtítọ́ ni pé funfun, pupa àti dúdú nìkan ni ó jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọ̀ tí a kò yá lára ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Epo pupa ni, ọsàn tí ó pọ́n pupa ni, ènìyàn tí àwọ̀ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ pupa ni. Aṣọ tí a rẹ ní aró títí dúdú ni, ewé tí ó jinlẹ̀ dúdú ni, òru dúdú ni. Òwú, ẹfun àti ẹyin adìẹ, funfun ni wọ́n. Bí a bá fẹ́ la ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́, a ó ní pupa fòò tàbí pupa rúsúrúsú, dúdú kirikiri tàbí dúdú minimini, funfun báláú. Bí èyí kò bá sì tó, a ó tọ́ka sí ohun tí gbogbo ojú mọ̀: àwọ̀ ewé, àwọ̀ eérú, àwọ̀ obì, àwọ̀ ojú ọ̀run. Àwọn aláró wa mọ̀ pé iye ìgbà tí aṣọ bá wọ ìkòkò aró ni yóò sọ bí yóò ti dúdú tó. Wọ́n ń fi ìgbà ka àwọ̀ bí olórin ti ń fi ìlù ka ẹsẹ̀.

Ẹ tún wo aṣọ òkè mẹ́ta tí a mọ̀ sí aṣọ iyì: sányán, àlàárì àti ẹtù. Sányán súnmọ́ funfun, àlàárì pupa, ẹtù sì dúdú. Kì í ṣe àìní orúkọ ni ó mú kí á dúró sí mẹ́ta. Ìbéèrè mẹ́ta ni àwọn orúkọ yìí ń bi ojú. Funfun ń bèèrè pé: mélòó nínú ìmọ́lẹ̀ ni nǹkan yìí ń dá padà? Dúdú ń bèèrè pé: mélòó ni ó ń gbé mì, kí sì ni ó ń jẹ́ kí ó hàn? Pupa ń bèèrè pé: báwo ni ó ti ń gbóná tó, báwo ni ó sì ti ń pe ojú tó? Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ẹ jẹ́ kí á gbé ọ̀rọ̀ ilé ìdáná wa ka orí ààrò mẹ́ta yìí.

Funfun: Ọ̀ràn Ìmọ́lẹ̀

Ọ̀dà funfun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ máa ń dá nǹkan bí 80 sí 90 padà nínú gbogbo 100 ìmọ́lẹ̀ tí ó bá bà lé e. Ọ̀dà dúdú kì í dá ju nǹkan bí 5 lọ padà. Gbogbo àwọ̀ yòókù ń bẹ láàrin àwọn méjèèjì. Ìdí nìyí tí ilé ìdáná tí ó ní fèrèsé kékeré kan ṣoṣo fi nílò àjà funfun àti ògiri tí ó súnmọ́ funfun: fèrèsé kò tóbi sí i, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tí ó bá gba ibẹ̀ wọlé kò ní ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ yìí tún jinlẹ̀ sí i bí àgbàlagbà bá wà nínú ilé. Bí ènìyàn ti ń dàgbà, ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ ẹyinjú a máa kéré sí i, dígí inú ẹyinjú a sì máa pọ́n rúsúrúsú. Nígbà tí ènìyàn bá pé ẹni ọgọ́ta ọdún, ìmọ́lẹ̀ tí ó ń dé ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tí ó ń dé ojú ọmọ ogún ọdún. Nítorí náà, ilé ìdáná tí ó mọ́lẹ̀ rekete lójú ọmọ lè jẹ́ ìrọ̀lẹ́ lójú ìyá àgbà. Àwọn àgbà kúkú ti ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni.

Ṣùgbọ́n funfun náà ní àléébù. Bí fèrèsé bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, tí ọ̀dà sì jẹ́ èyí tí ń dán, oòrùn ọ̀sán yóò máa kọ yẹ̀rì lára ògiri sí ojú ẹni tí ń dáná. Ní irú ibẹ̀, funfun tí a bu omi sí, bí àwọ̀ sányán tàbí àwọ̀ ẹyin, tí kò sì dán, ni ó dára jù. Ọ̀dà dídán kò burú, nítorí pé ó rọrùn láti nù. Ẹ̀bá sítóòfù àti ẹ̀bá síǹkì ni àyè rẹ̀, níbi tí epo àti omi ń ta sí. Ní ti àwọn tí ń sá fún funfun nítorí ìdọ̀tí, mo fẹ́ kí wọ́n rò ó wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìdọ̀tí tí a kò rí kò kúrò níbẹ̀. Ibi tí oúnjẹ gbé ń fara kan nǹkan ni ó yẹ kí ìdọ̀tí ti tètè hàn.

Dúdú: Ọ̀ràn Ààlà

Ibi tí mo ti kùnà nìyí. Mo fún ilé ìdáná mi ní ìmọ́lẹ̀, n kò fún un ní ààlà. Ojú kì í rí nǹkan ní òun nìkan. Ó ń rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ nǹkan mìíràn. Michel Eugène Chevreul, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Faransé tí ó jẹ́ ọ̀gá nídìí aró ní ilé iṣẹ́ Gobelins ní Paris, fi èyí hàn lọ́nà tí ó yé gbogbo ayé. Àwọn ènìyàn ń ṣàròyé pé òwú dúdú ilé iṣẹ́ náà kò dúdú tó. Ó yẹ aró náà wò, kò rí àbùkù kankan lára rẹ̀. Àwọn àwọ̀ tí a hun ún mọ́ ni ó ń sọ ọ́ di yẹpẹrẹ. Ní ọdún 1839 ni ó tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí, àlàyé rẹ̀ sì ni pé àwọ̀ méjì tí ó bá fara kan ara wọn a máa yí ara wọn padà lójú ẹni tí ń wò wọ́n. Aláṣọ òkè tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní jiyàn.

Kí ni èyí jẹ́ fún ilé ìdáná? Ohun tí ó jẹ́ ni pé ibikíbi tí ọwọ́, ọ̀bẹ, iná tàbí ẹsẹ̀ bá ti lè ṣìnà, kí àwọ̀ méjì tí ó jìnnà síra pàdé níbẹ̀. Etí pẹpẹ gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí orí pẹpẹ, tàbí kí pẹpẹ yàtọ̀ sí ilẹ̀. Bí àtẹ̀gùn kan bá wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, kí etí rẹ̀ ní àwọ̀ tirẹ̀. Kí ọwọ́ kọ́bọ́ọ̀dù yàtọ̀ sí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gé àlùbọ́sà, pákó tí ó ṣókùnkùn ni kí ó fi gé e, kí ó lè rí etí ohun tí ó ń gé àti orí ìka ara rẹ̀. Àwọn tí ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì mọ̀ pé àwọ̀ àtẹ ni ó ń pinnu bóyá eyín ẹni yóò fọ́ lọ́jọ́ náà.

Ìdí mìíràn tún wà fún àwa tí à ń gbé níbi tí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀. Bí iná bá lọ ní alẹ́, tí a tan fìtílà tàbí iná tọ́ọ̀ṣì, àwọ̀ tí ó rẹwà ní ọ̀sán yóò di eérú. Àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró yóò jọ ara wọn. Ohun kan ṣoṣo tí yóò kù fún ojú láti dìmú ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ohun tí ó mọ́lẹ̀ àti ohun tí ó ṣókùnkùn. Ilé ìdáná tí a kò bá fún ní ìyàtọ̀ yìí yóò di ilé afọ́jú ní ọjọ́ tí iná bá lọ.

Síbẹ̀, kí á má sọ pé dúdú dára kí á wá fi kun gbogbo ògiri. Bí ìkòkò bá dúdú, tí ẹ̀kọ náà sì dúdú, òwe ti bàjẹ́ nìyẹn.

Pupa: Ọ̀ràn Ooru àti Ìpè

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀dà pupa ń mú ilé gbóná. Bí ọ̀rọ̀ ti rí gan-an ni pé àwọ̀ inú ilé kì í fi bẹ́ẹ̀ yí ooru inú ilé padà; ara ni ó ń mú rò pé ooru pọ̀. Ohun tí ń gbé ooru wọlé ni oòrùn tí ó ń pa òrùlé àti ògiri ìta. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ilé ìdáná rẹ̀ tutù, kí ó fi ọ̀dà tí ó mọ́lẹ̀ kun òrùlé àti ògiri ìta, kí ó sì ṣí fèrèsé méjì tí ó dojú kọ ara wọn. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé ojú àti ara jọ ń gbé inú ilé náà ni, ìrònú ara ṣe pàtàkì. Níbi tí iná ti ń jó láti òwúrọ̀, kò yẹ kí ògiri tún máa jó mọ́ ọn.

Agbára pupa kejì ni pé ó ń pe ojú. Níbi tí ó bá wà ni ojú yóò kọ́kọ́ lọ. Nítorí náà ni mo ṣe ń fi wé ata: díẹ̀ rẹ̀ ń mú ọbẹ̀ dùn, àpọ̀jù rẹ̀ ń lé ènìyàn nídìí oúnjẹ. Àwọn tí ń ṣe ọ̀ṣọ́ ilé ní òkè-òkun ní òfin kan tí wọ́n ń tẹ̀ lé: àwọ̀ kan kí ó gba nǹkan bí 60 nínú 100, èkejì kí ó gba 30, ẹ̀kẹta tí ó mú jù kí ó gba 10. Kì í ṣe òfin Mósè, ṣùgbọ́n ó bá ti ààrò mẹ́ta wa mu: ohun tí ó mọ́lẹ̀ kí ó pọ̀ jù, ohun tí ó ṣókùnkùn kí ó tẹ̀ lé e, pupa kí ó jẹ́ èyí tí a fi dá a lọ́bẹ̀. Mo sì dá a lábàá pé kí á fi pupa náà sí ibi tí a bá fẹ́ kí ojú tètè rí nígbà ewu: ibi tí a ti ń pa gáàsì, tàbí ibi tí kúbùsù ìpaná wà.

Nínú ọ̀ràn pupa ni ìkìlọ̀ kan ti jáde. Láti ayé àtijọ́ ni a ti ń fi òjé sínú ọ̀dà, pàápàá jù lọ nínú àwọn ọ̀dà tí ó pupa fòò àti èyí tí ó pọ́n bí ìyeyè. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní ọdún 1978 ni Amẹ́ríkà fi òfin de irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ fún ilé gbígbé. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ọ̀dà, kí ó wo ara agolo kí ó sì bèèrè bí kò bá ní òjé. Ẹni tí ó bá sì ń gbé inú ilé tí ó ti pẹ́, kí ó má ṣe há ọ̀dà ògiri rẹ̀ ní gbígbẹ, nítorí pé eruku rẹ̀ yóò bà sórí oúnjẹ àti sórí ilẹ̀ tí ọmọ ń rá lé.

Bí A Ṣe Lè Yàn Án

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ọ́ ní ṣókí bí mo ti rò pé ó yẹ kí á ṣe é. Kí ènìyàn tó ra ọ̀dà, kí ó kọ́kọ́ dúró nínú ilé ìdáná náà ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́, kí ó wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ gbà wọlé àti ibi tí òkùnkùn dúró sí. Lẹ́yìn èyí, kí ó ka ohun tí kò ní yí padà: táìsì ilẹ̀, pẹpẹ, fìríìjì, àwọn ìkòkò tí ó wà lórí pẹpẹ. Àwọ̀ ni gbogbo wọn ní, ọ̀dà gbọ́dọ̀ bá wọn gbé.

Lẹ́yìn náà, kí ó ra agolo kékeré, kí ó kun pákó kan tí ó tó ìwọ̀n mítà kan, kí ó gbé e ti ògiri fún ọjọ́ mẹ́ta. Àpẹẹrẹ tí kò ju èékánná lọ, irú èyí tí ó wà nínú ìwé oníṣòwò ọ̀dà, a máa tan ènìyàn jẹ. Gílóòbù pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ẹ wo nọ́ńbà tí ó wà lára páálí rẹ̀: èyí tí a kọ 2700 sí, iná rẹ̀ a pọ́n rúsúrúsú, yóò mú kí funfun dà bí wàrà, yóò sì pa àwọ̀ aró kú, èyí tí a kọ 6500 sí, iná rẹ̀ a funfun bí ọ̀sán, ṣùgbọ́n ó lè mú kí ọbẹ̀ àti ẹran dà bí ohun tí kò wuni jẹ. Ẹni tí ó yan ọ̀dà ní ọ̀sán láìwò ó ní alẹ́, ìdajì ilé rẹ̀ ni ó kùn.

Nígbà tí ó bá kan bíbá akunlé sọ̀rọ̀, kí á má tijú èdè wa. Mo ti gbọ́ tí onílé àti akunlé ń fi orúkọ Òyìnbó kan náà pe àwọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ìjà sì ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀dà gbẹ. Bí onílé bá sọ pé, “Mo fẹ́ kí ògiri rí bí ẹ̀kọ tútù, kí kọ́bọ́ọ̀dù rí bí obì tí ó gbó, kí etí pẹpẹ dúdú bí kóró iṣin,” akunlé tí a bí ní ilẹ̀ yìí kò ní ṣì í gbọ́. Ohun tí a tọ́ka sí wà lọ́jà, àwọn méjèèjì lè lọ wò ó.

Ta ni Ó Ni Yíyàn?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó kù, òun ni ó sì wúwo jù lọ́rùn mi. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin ni ó ń kun ògiri ojúbọ Òrìṣàìkirè. Ọ̀mọ̀wé Bọ́lájí Campbell ṣe àlàyé iṣẹ́ irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 2008. Nítorí náà, kì í ṣe ohun àjèjì nílẹ̀ yìí pé kí obìnrin mú ọ̀dà lọ́wọ́ kí ó sì pinnu bí ògiri yóò ti rí. Èmi tí mo jẹ́ ọkùnrin, tí n kì í lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ nínú ilé ìdáná lóòjọ́, ni mo sọ ara mi di onídàájọ́ lórí ibi tí ẹlòmíràn ti ń lo ìdajì ọjọ́ rẹ̀. Ohun tí ó yẹ ojú àlejò ni mo yàn. N kò wo ojú ẹni tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, n kò sì wo ojú ìyá mi.

Ẹni tí ń dáná, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú jù nínú ilé. Lẹ́yìn àwọn méjèèjì ni kí á tó bèèrè ohun tí ó wu onílé.

Ìkádìí

Ẹsẹ̀ ìyá mi san. Ìyàwó mi ni ó tún ilé ìdáná náà ṣe, owó tí ó ná kò tó nǹkan. Ó fi ògiri àti àjà sílẹ̀ ní funfun. Ó ní kí káfíńtà kan igi pẹlẹbẹ tí ó dúdú mọ́ gbogbo etí pẹpẹ, ó kun ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ ní àwọ̀ aró, ó sì ra àwọn ife pupa mẹ́fà. Nígbà tí ìyá mi tún padà wá, ó fi ìka tẹ̀ lé igi dúdú náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó gbé ife rẹ̀ lé àárín pẹpẹ, ó sì ní, “Ó parí síbí.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, èdè tí ó sọ fún wa láti ìgbà pípẹ́ pé inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde kì í ṣe èdè tí ó tálákà ní ti àwọ̀. Àwa ni a kò fi etí sí i. Bí a bá fẹ́ kun ilé ìdáná wa, ẹ jẹ́ kí á fi funfun wá ìmọ́lẹ̀, kí á fi dúdú wá ààlà, kí á fi pupa pe ojú sí ibi tí ó yẹ. Lẹ́yìn èyí, kí olúkúlùkù yan ẹwà tí ó bá wù ú.